Ta Ló Máa San Owó Iṣẹ́ Tó Bọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Obìnrin Tó Ń Gbá Rọ́gbì Líìgì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Leeds. Àwọn tí ò lè wá ní kí n kọ ọ́ jáde, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níwájú, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù, mo rí yín o, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, tó bá yá ẹ máa gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín.

Nígbà tí alága pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa lè ṣe, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń retí, torí iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Mo ní rárá o, nọ́ọ̀sì ti pọ̀ jù nínú yàrá yìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ nawọ́ sókè ká rí yín. Ẹ wò ó! Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rọ́gbì líìgì ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń fi rọ́gbì jẹun, tàbí kí n sọ pé, tó ń wá bí wọ́n ṣe máa fi jẹun.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, torí èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú mi rí. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, òyìnbó ni, ọmọ agbègbè yìí gan-an. Lálẹ́ Sunday kan ó wọlé, ó ń tiro díẹ̀, ìka ọwọ́ ẹ̀ méjì ni wọ́n fi téèpù funfun so pọ̀, nígbà tó yíjú mo wá rí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ sẹ́yìn etí ẹ̀. Mo ní ṣé o ṣubú ni? Ó ní rárá, wọ́n gbá rọ́gbì lọ́sàn-án ni, bọ́ọ̀sì wọn ò tètè dé, kò ráyè délé wẹ̀. Nígbà tó di àsìkò ìsinmi ó yọ ike oúnjẹ kan síta, makaróní tútù, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo bu jọ̀lọ́ọ̀fù tèmi fún un. Mo wá bi í pé, èló ni wọ́n ń san fún yín gan-an? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní èmi ni mò ń sanwó fún wọn! Owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, owó bàtà, owó mọ́tò. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ṣíífìtì òun ló jẹ́, òun fi tọrẹ fún ẹlòmíì kóun lè lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ẹ fi ṣíífìtì tó fi tọrẹ yẹn sọ́kàn. Orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé.

Kí n tó lọ síwájú, torí àwọn tí ò wò ó rí. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò rí róbótó, ó gùn bí ẹyin. Èèyàn 13 lápá kan, 13 lápá kejì. A ń pè é ní gbígbá, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa fi ń gbé e sáré. Iwájú lo máa sáré sí, ẹ̀yìn lo gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí, ìyẹn nìkan á kọ́kọ́ dà yín lórí rú. Àwọn ọ̀tá á wá rọ́ mọ́ ọ, wọ́n á gbé ọ ṣánlẹ̀, wàá dìde, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé yín ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láìwọlé, ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún wọn. Tẹ́ ẹ bá gbé e kọjá ìlà tẹ́ ẹ fi kanlẹ̀, máàkì 4 nìyẹn. Ẹni tó bá mọ gídígbò láàárín wa, kó fi eré sísá kún gídígbò, kó ṣe é fún 80 ìṣẹ́jú nínú òjò Yorkshire. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Níbo ni eré yìí ti wá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wọ rélùwéè láti Leeds lọ sí Huddersfield, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ilé kan wà nítòsí stéṣọ̀n, George Hotel ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí rọ́gbì líìgì ní 29 August 1895. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Nígbà yẹn rọ́gbì kan ṣoṣo ló wà, àwọn ọmọ ọlọ́lá apá gúúsù ló ń darí ẹ̀, wọ́n ní èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbowó torí eré. Ó rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Bàbá wọn ló ni ilé iṣẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń gbá a níbí, ní Yorkshire àti Lancashire, awakùsà ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni wọ́n, Saturday ọjọ́ iṣẹ́ ni. Tó o bá lọ gbá rọ́gbì, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bọ́ nìyẹn, ìyàwó àtọmọ á sùn pẹ̀lú ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn kíláàbù wá ní, ẹ jẹ́ ká san owó iṣẹ́ tó bọ́ yẹn padà fún wọn. Gúúsù ní láéláé. Ni kíláàbù àríwá bá ya lọ, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní ṣílè 6 lójúmọ́ ni àwọn máa san fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Eré yìí ò pínyà torí òfin bọ́ọ̀lù, òfin bọ́ọ̀lù wọn ò tíì yàtọ̀ nígbà yẹn. Torí owó ṣíífìtì ló ṣe pínyà! Eré àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ó wá jẹ́ pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú eré kan náà, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin kan ń jẹ makaróní tútù ní wọ́ọ̀dù wa torí pé ó fi ṣíífìtì tọrẹ. Ta ló gbàgbé kí ni? Ohun tí wọ́n jà fún àwọn ọkùnrin, wọn ò rántí pé ó kan àwọn obìnrin náà.

Ọ̀rọ̀ kejì, òun ló dùn mọ́ mi jù, torí ẹ ẹ jẹ́ n dúró sórí ẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé, mọ́mì, obìnrin ò lágbára eré yẹn, ìdí tí wọn ò fi sanwó nìyẹn. Ó dáa. Ní 1996, àwọn obìnrin Great Britain kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí Ọsirélíà. Kò sẹ́ni tó fún wọn lówó gidi, àwọn fúnra wọn ló ń kó owó jọ kí wọ́n lè rí owó bàálù. Lisa McIntosh ni balógun wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbá pẹ̀lú Ọsirélíà nínú ilé Ọsirélíà. Wọ́n borí nínú méjì. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn jàre! Ó di 2022 kí wọ́n tó fi orúkọ obìnrin kankan sínú Hall of Fame ti rọ́gbì líìgì níbí, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn akọni eré náà, àwọn mẹ́ta, McIntosh, Brenda Dobek àti Sally Milburn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rántí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fò dé March 2025. Las Vegas, Amẹ́ríkà, pápá ńlá olórùlé, àwọn obìnrin England kojú ti Ọsirélíà. Ẹ mọ iye tí Ọsirélíà fi nà wọ́n? 90 sí 4.

90! Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó dé 60 mo dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín 1996 sí 2025? Ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin England ló yí padà ni? Ṣé wọn ò jẹun mọ́ ni? Rárá o. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tibí borí. Ọ̀kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn obìnrin ẹ̀, èkejì ń wò. Ní Ọsirélíà wọ́n dá líìgì obìnrin sílẹ̀ ní 2018, NRLW. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àṣekágbá, ó parí! Kò tó oṣù kan àbọ̀. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn rà? Àmọ́ wọn ò dúró síbẹ̀. Ní 2023 àwọn obìnrin náà rí àdéhùn gidi tí wọ́n buwọ́ lù, ẹni tó kéré jù lówó lọ́dún yẹn gba 30,000 dọ́là Ọsirélíà, tó bá máa fi di 2027 á ti di 50,600. Ìnṣọ́ránsì ìlera wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ wà níbẹ̀. Ní 2025 ẹgbẹ́ ti di 12, kálukú gbá 11 kó tó kan ìpele àṣekágbá.

Kò tíì pọ̀ o. Ẹni tó bá mọ owó ilé ní Sydney á mọ̀ pé 30,000 ò lè gbé èèyàn débì kan, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ mìíì, àwọn míì ń kàwé. Àmọ́ wọ́n ti ra àkókò fún wọn. Ẹni tó bá sùn dáadáa, tó sáré láàárọ̀, tí físíò tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ wá ní kó kojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìdí iṣẹ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? 90 sí 4 ló máa ṣẹlẹ̀.

Níbí ńkọ́? Super League tàwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́rin, Bradford, Castleford, Featherstone àti Thornhill. Ìgbà tó di 2023 ni Leeds àti York bẹ̀rẹ̀ sí í san nǹkan fáwọn obìnrin wọn. Nǹkan ni mo pè é o, mi ò pè é ní owó oṣù. Ní August 2023 yẹn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, àwọn obìnrin gbá àṣekágbá Challenge Cup ní Wembley, St Helens na Leeds tiwa 22 sí 8. (Mo mọ̀ pé ó dun àwọn kan níbí, ẹ pẹ̀lẹ́.) Jodie Cunningham ni balógun St Helens lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà yẹn? Ọ́fíìsì àjọ rọ́gbì líìgì ló ti ń ṣiṣẹ́, ètò bí àwọn ọmọdébìnrin ṣe máa wọnú eré yìí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó gbá ní Wembley lọ́jọ́ Saturday, iṣẹ́ ọ́fíìsì ń dúró dè é lọ́jọ́ Monday.

Ọ̀rọ̀ kẹta, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ wàyí. Báwo ni ìrìn àjò iṣẹ́ yìí ṣe ń rí lẹ́sẹ̀ ẹnì kan?

Ẹ mú Georgia Roche. Castleford ló ń gbá a fún tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú láyé ìgbà kan. Àwọn ọkùnrin ti ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Man of Steel láti 1977. Ní 2018 wọ́n wá dá Woman of Steel sílẹ̀ fún obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ni Georgia Roche, kò dẹ̀ tíì pé ogún ọdún. Ẹ rò ó wò, gbogbo England, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù, o ò tíì pé ogún ọdún. Ká ní ọkùnrin ni, kíláàbù á ti tò sí ẹnu ọ̀nà bàbá ẹ̀ pẹ̀lú báírò. Òun kúrò ní Castleford wá sí Leeds, ó tún ń gbá a lọ. Nígbà tó di 2023 ló kó ẹrù ẹ̀, ó di Newcastle Knights ní Ọsirélíà. Newcastle yẹn náà, ìlú èédú ni, èédú ni ọkọ̀ ojú omi ń wá kó níbẹ̀. Ó kúrò nílùú èédú lọ sílùú èédú, àmọ́ ìkejì buwọ́ lu kọ́ńtíráàtì. Ọdún yẹn gan-an ni Newcastle na Gold Coast Titans 24 sí 18 nínú àṣekágbá, wọ́n gbé ife. Òun nìkan kọ́ ló lọ lọ́dún yẹn, Hollie-Mae Dodd ti York lọ sí Canberra, Fran Goldthorp ti Leeds lọ sí North Queensland.

Ṣé ẹ ò rí i pé ó jọ ìtàn tiwa? Ta ló wà níbí tí ò kúrò nílé torí pé ibòmíì máa san owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ju ilé lọ? Nígbà tí ìyá Georgia Roche ń sọkún ní éńpọ́ọ̀tù (mi ò mọ̀ ọ́n o, àmọ́ ìyá wo ni ò ní sunkún), ẹkún tí ìyá tèmi sun ní Ìkẹjà náà ni.

Ẹ tún wo Ali Brigginshaw, ọmọ Ipswich ní Queensland. Ó wà ní Brisbane Broncos nígbà tí NRLW bẹ̀rẹ̀, Broncos gba ife 2018, 2019 àti 2020, ní 2020 yẹn òun fúnra ẹ̀ gba Dally M, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá a jù. Ó wá di 2025, Broncos tún gba ife, òun ṣì ni balógun, ẹni ọdún 35! Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé nígbà tó wà lọ́mọdé kò sí líìgì kankan tó lè fojú sùn. Ẹgbẹ́ ọmọkùnrin lọ̀pọ̀ àwọn ìran tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ti tó bí ọmọ ọdún 12, wọ́n á ní ó tó, ọmọbìnrin ò gbọ́dọ̀ bá ọkùnrin gbá a mọ́, ẹgbẹ́ ọmọbìnrin ò dẹ̀ sí nítòsí. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló pòórá sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ó ti pẹ́ jù fún ọmọ yín, Courtney Winfield-Hill, kíríkẹ́ẹ̀tì ló ń gbá ní Brisbane. Ó wá sí Leeds, ó gba rọ́gbì líìgì mọ́ra, ní 2019 Woman of Steel ni. Àwọn obìnrin Nàìjíríà náà ti wà nínú ẹ̀ o, ní 2024 wọ́n lọ sí Toronto, níbi tí Kánádà, Amẹ́ríkà àti Jàmáíkà náà ti gbá.

Ọ̀rọ̀ tó kù kò gùn. Ọ̀rọ̀ ara ni, èmi nọ́ọ̀sì ni mò ń sọ ọ́, mi ò ní tàn yín.

Eré yìí ń pani lára. Iṣan kan wà láàárín orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL, ó ń já lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, tó bá já, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni kéèyàn tó padà sórí pápá. Ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ kù oṣù mẹ́fà ńkọ́? Orí náà wà ńbẹ̀. Ní Ọsirélíà, tí wọ́n bá ní ọpọlọ ẹ mì, ó kéré tán ọjọ́ 11 ni wọ́n sábà máa ń ní kó o fi jókòó kó o tó tún gbá. Mo fara mọ́ ọn, mo tiẹ̀ rò pé ó yẹ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mo ti rí ọpọlọ tó mì ní wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣàwàdà. Torí náà tí kíláàbù kankan bá gbé ìwé wá fún ọmọ yín, ẹ má wo fọ́tò tó dáa tí wọ́n yà á. Ẹ bi wọ́n: tí orúnkún bá já, ta ló máa sanwó iṣẹ́ abẹ? Ṣé owó á ṣì máa wọlé nígbà tó bá ń tiro? Tó bá lóyún ńkọ́? Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni àáké.

Mo ti fẹ́ jókòó. Ẹ máa bi mí pé kí ló kàn mí tí mo fi ń ka gbogbo èyí. Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún 12. Lọ́dún tó kọjá ó ti ilé ìwé dé, ó ní Mummy, mo fẹ́ máa gbá rọ́gbì. Mo ní kí ni? Mo ní ṣé torí kí n lè bí ọmọ tó máa fi eyín sílẹ̀ lórí pápá ni mo ṣe wá sílùú òyìnbó? Bàbá ẹ̀ ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọ wọ́ọ̀dù wa ni mo lọ bá, ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́yìn etí yẹn, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Kò parọ́, ó fi ìka ẹ̀ tí ò lè tẹ̀ dáadáa mọ́ hàn mí, ó ní àmọ́ òun ò tíì kábàámọ̀ ẹ̀ rí. Ó wá ní kí n ra ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu, kí n fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ kó bá eyín ọmọ náà mu, kí n má ra èyí tó pọ́ọ́kú.

Mo rà á. Ẹ gbà mí láyè kí n má dúró jẹun lónìí, aago mẹ́ta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti wà nínú mọ́tò níta pẹ̀lú bàbá ẹ̀, ó ti wọ bàtà ẹ̀ láti àárọ̀. Mo ti fi ṣíífìtì ọ̀sán yìí tọrẹ fún ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, màá gba méjì. Ẹ ṣé o.